Ta Ló Bọ́ Àgùntàn Mi?

Ní Kemijärvi, lóṣù Kejìlá,
oòrùn kì í yọ tán:
á yọjú lẹ́yìn igi bí onígbèsè,
á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sá padà.
Aago méjì òru ni mo ti ń wa kátakátá
tó ń ti ìrì dídì kúrò lójú títì.
Nígbà tí mo bá délé, tí mo bọ́ bàtà,
àwọn aládùúgbò ń jáde lọ síbi iṣẹ́.
Ta ni n óò bá sọ̀rọ̀? Kẹ́tùlù orí iná?
Bí èmi Tuire, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì,
ṣe di ẹni tó ń gbá géèmù nìyẹn.

Ẹgbẹ́ méjì ni mo wọ̀ lọ́dún náà.

Ẹgbẹ́ Irin, ẹgbàajì ènìyàn.
Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀bùn wà:
wọlé lónìí, gba wúrà kan,
wọlé lọ́la, gba méjì,
ọjọ́ keje, wọn á fa ẹṣin lé ọ lọ́wọ́.
Ṣùgbọ́n pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ,
ení, èjì, o tún bẹ̀rẹ̀.
Mo fi ibà wọlé.
Mo wọlé níbi ìsìnkú àbúrò ìyá mi,
fóònù nínú ìbọ̀wọ́, orí títẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà;
àlùfáà fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́."
Mo pè é ní ìfẹ́.
Ẹ̀rù ni,
ẹ̀rù kí ẹṣin má bàa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́,
ẹṣin tí kì í jẹ koríko, tí kì í yàgbẹ́.

Ẹgbẹ́ kejì ò lórúkọ.
Erékùṣù kan, àgùntàn, odò, àwa márùn-ún.
Oiva ló dàgbà jù, ó ti fẹ̀yìntì nílé iṣẹ́ pépà ní Kemi.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ọjọ́ tí kì í já sódò
lórí afárá tí ọmọdé ń sáré gbà kọjá.
A ó dúró. Á gun òkè. A ó máa lọ.
Eeli, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, a máa bú gbogbo wa,
ṣùgbọ́n òun náà a máa dúró.
Sanelma, nọ́ọ̀sì ní Vaasa,
bínú lọ fún oṣù méjì
nítorí àgbò kan tí a tà láìsọ fún un;
ó padà dé lálẹ́ ọjọ́ kan,
kò wí nǹkan kan, ó gbé koríko.
Ẹnì karùn-ún ń jẹ́ Ọ̀pọ̀lọ́. Kì í fọhùn.
Odi ló máa ń mọ.

Ẹ má rò pé mo ní kékeré dára ju ńlá lọ.
Ilé kékeré la ti ń gbọ́ òórùn ẹnu ara ẹni.
Láràárọ̀, ìbéèrè kan náà ni Oiva ń bi mí:
"Òtútù ibẹ̀ yẹn, mélòó?"
Mo sọ tèmi, ó sọ tiẹ̀.
Bí tiẹ̀ bá burú ju tèmi lọ, a máa fọ́nnu
bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Lóṣù Kìíní, kátakátá yọ̀ bọ́ sínú kòtò.
Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi dá.
Ọjọ́ mọ́kànlá, mi ò wojú géèmù.

Ẹgbẹ́ Irin kọ̀wé lọ́jọ́ kẹrin:
"Ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀wọ́n, a ti gba ẹṣin."
Wọn ò kọ orúkọ mi sí i.

Erékùṣù ńkọ́?
Òkú àgùntàn mẹ́sàn-án ni mo ń retí.
Mọ́kànlá ni mo bá; ọ̀kan ti bí ìbejì.
Odi tuntun yí ọgbà po,
òkúta lórí òkúta, iṣẹ́ tẹ́nìkan ò rán an.
Ta ló bọ́ wọn?
Eeli ní, "Arúgbó yẹn ni.
Ìgbà mẹ́rìndínlógójì ló já sódò
pẹ̀lú koríko rẹ lórí. Mo kà á."
Mo ní, kí ló dé tí o ò bá a gbé e?
"Ó ní òun ò fẹ́. A kàn dúró tì í ni."

Nígbà mìíràn ẹṣin yẹn ṣì ń wù mí.
Ó dúdú, gọ̀gọ̀ rẹ̀ a máa tàn.

Mo jókòó, símẹ́ńtì ilé ìwòsàn lápá,
ìbéèrè wà lójú ẹ̀rọ:
"Òtútù ibẹ̀ yẹn, mélòó?"
Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan:
mọ́kàn
lélọ́gbọ̀n.
Wọ́n dúró.